Gerald méjì, ìyá méjì: bí ẹ ṣe lè to ìdílé Earl ti Kildare

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí ọmọ mi ya àtẹ ìdílé Gerald FitzGerald, Earl (ìjòyè ńlá) ti Kildare ní ilẹ̀ Ireland, fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Gerald tí à ń rí nínú ìwé ju ẹyọ kan lọ. Èwo ni ká mú, báwo la sì ṣe máa to àwọn ọmọ rẹ̀?

Ìdáhùn: Earl kẹjọ, tí àwọn ará Ireland ń pè ní Gearóid Mór, ìyẹn Gerald Ńlá, ni mo rò pé olùkọ́ ń bèèrè. Nǹkan bí ọdún 1456 ni wọ́n bí i, ó sì jẹ oyè bàbá rẹ̀ ní 1478. Ìyá rẹ̀, Joan, wá láti ẹ̀ka FitzGerald ti Desmond, nítorí náà bí ẹ bá rí orúkọ ìdílé kan náà lọ́tùn-ún lósì, kì í ṣe àṣìṣe.

Ẹ má ṣe to àwọn ọmọ rẹ̀ bí ọmọ ìyá kan náà. Ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀, Alison FitzEustace, ló bí Gearóid Óg, Gerald Kékeré, pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin. Obìnrin náà kú ní 1495, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní ìtìmọ́lé ní London lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Lọ́dún kejì, Ọba Henry keje ti England tú u sílẹ̀, ó dá a padà sípò adelé ọba ní Ireland, ó sì fi ìbátan ara rẹ̀, Elizabeth St John, fún un níyàwó. Àwọn ọmọkùnrin tí Elizabeth bí jẹ́ ọbàkan Gearóid Óg.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi àyè gbòòrò sílẹ̀ sí jù ni ti àwọn ọmọbìnrin, torí pé nípasẹ̀ ìgbéyàwó ni ọkùnrin yìí fi so ilé ńláńlá Ireland mọ́ ara rẹ̀, débi pé ó ṣòro fún ọba láti ṣàkóso ibẹ̀ láìsí i. Margaret fẹ́ Piers Butler, ọmọ ìdílé Ormond tí ó ń bá Kildare figagbága. Eustacia fẹ́ Ulick Burke ti Clanricarde. Eleanor, àbúrò Gerald fúnra rẹ̀, sì ti fẹ́ Conn O'Neill ní Tyrone. Síbẹ̀ àna kò dá ogun dúró: ní oṣù kẹjọ ọdún 1504, ní Knockdoe nítòsí Galway, Ulick ọkọ ọmọ rẹ̀ yìí gan-an ni Gerald ṣẹ́gun.

Ìbọn ni wọ́n fi ṣe é léṣe tí ó fi kú ní 1513, Christ Church ní Dublin sì ni wọ́n sin ín sí. Bí ọdún ikú tí ọmọ yín kọ bá jẹ́ 1534, Gearóid Óg ló mú.