Kí ẹ tó fún ọmọ yín ní ìwé Wilma Rudolph

Ìbéèrè: Ọmọ Oǹdó ni mí, Toronto ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 13, máa ń sáré ìje, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti ṣubú níbi ìdíje, kò fẹ́ dé pápá mọ́. Mo ti ra ìwé tí Wilma Rudolph, obìnrin sárésáré ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1977 nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, kí ó lè fi kọ́ ìfaradà. Ǹjẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ran ọmọ tiyín lọ́wọ́?

Èsì: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Akúrẹ́ ni wọ́n ti bí mi, ní Òkè Àró, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ti tọ́ àwọn ọmọ mi. Ìwé yẹn kan náà ni ọmọkùnrin mi kà, ó sì ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tí a máa ń fa dìde lórí ibùsùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ sáré nínú òtútù, nítorí ó kà pé ọmọbìnrin tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá jà, tí wọ́n de irin mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó gba góòlù mẹ́ta níbi Òlíńpíìkì ní Róòmù ní 1960.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Eegun ọrùn ẹsẹ̀ ọmọkùnrin mi sán, ó sì ń fi í sáré lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, títí ó fi wó lulẹ̀ lórí pápá tí kò lè dìde mọ́. Nígbà tí dókítà bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ, ó ní Wilma kò ráhùn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nígbà náà. Bí mo bá ti ń wọlé ni òun ń jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò bójú tó o, nítorí owó iṣẹ́ alẹ́ yẹn ni a fi ń san owó ilé, òun náà ni a fi ra bàtà eré rẹ̀. Síbẹ̀, ká ní Òkè Àró ni a wà ni, ìyá mi ì bá ti rí bí ó ṣe ń tẹsẹ̀, àwọn ọmọ ilé ì bá ti tú àṣírí rẹ̀, òrí àti omi gbígbóná ì bá sì ti kan ẹsẹ̀ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti di géńdé báyìí, ṣùgbọ́n bí òtútù bá mú, ó máa ń tiro, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú rẹ̀.

Ohun tí ọmọ mi fò nínú ìtàn náà ni àwọn ènìyàn tí ó yí Wilma ká. Ọmọ 20 nínú ọmọ 22 ni. Ìyá rẹ̀ máa ń bá a wọ bọ́ọ̀sì láti Clarksville, ìlú wọn ní Amẹ́ríkà, lọ sí ìlú Nashville, nǹkan bí máìlì 50, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú aláwọ̀ dúdú nígbà náà; bí wọ́n bá sì délé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà fún un, wọn a máa gbà á ṣe lọ́wọ́ ara wọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a mú àwọn ọmọ wa kúrò nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ ka ìwé náà, kí ẹ sì sọ fún un pé níbi Òlíńpíìkì ní Melbourne ní 1956, Wilma kò kọjá ìpele ìbẹ̀rẹ̀ nínú ìje mítà 200, idẹ tí òun àti àwọn mẹ́ta jọ sá gbà nìkan ni ó mú lọ sílé. Ọmọ tí ó ṣubú nílò ìtàn Melbourne ju ti Róòmù lọ. Ní ti ìgbà tí yóò padà sórí pápá, olùkọ́ni rẹ̀ ni yóò mọ èyí ju èmi lọ.