FBP àbí OSEM fún ìbàdí tó ń dun aláìsàn

Àbúrò mi, FBP àti OSEM jẹ́ ọ̀nà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń to àwòrán SPECT, ìyẹn àwòrán inú ara tí kámẹ́rà ń yí aláìsàn po yà. O ní wọ́n sọ fún ẹ pé FBP ti di ohun àtijọ́, pé OSEM ni kó o máa fi to gbogbo rẹ̀. Rárá o. Ohun tí ò ń wá àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó o kọ́kọ́ wò.

Àwọn aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tó ń ti Abẹ́òkúta wọkọ̀ wá bá wa n'Íbàdàn ló là mí lójú. Ará Adátán, ará Láfẹ́nwá, ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ìbàdí ń dùn wọ́n, a sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ò dé orí egungun itan mọ́. Tí kò bá dé ibẹ̀, ibẹ̀ á ṣófo nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n inú ìtọ̀ ni oògùn technetium-99m, èyí tí a gún sí wọn lára tí kámẹ́rà ń rí ìtànṣán rẹ̀, ń bá jáde, àpò ìtọ̀ á wá máa tàn yòò lẹ́bàá òfìfo tí à ń wá gan-an.

Ibẹ̀ ni FBP ti ń dójú tini. Á fa ìlà-ìlà jáde lára àpò ìtọ̀ bí ìtànṣán oòrùn, òmíì dúdú, òmíì mọ́lẹ̀, wọ́n á sì gba orí egungun itan kọjá. Ọ̀kan lè dá ihò síbi tí kò sí, òmíì lè bo èyí tó wà. Bí àpò ìtọ̀ bá ń kún sí i bí kámẹ́rà ṣe ń yípo, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

OSEM, tí Hudson àti Larkin gbé jáde ní 1994, àfojúbù ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Á fi wé ohun tí kámẹ́rà kà, á tún un ṣe, á tún fi wé e. Ìlà-ìlà yẹn á dín kù gan-an.

Àmọ́ fetí sí èyí dáadáa: ibi tó tàn máa ń tètè yọrí, ibi tó ṣófo máa ń pẹ́. Bí iteration, ìyẹn iye ìgbà tó fi wé e tó sì tún un ṣe, bá kéré, ihò náà ò ní tíì jìn tó, wọ́n á ní egungun yè, ọmọ ọlọ́mọ á sì máa tẹ̀ ẹ́ rìn títí táá fi wó. Ó máa ń dùn mí púpọ̀. Bó bá sì pọ̀ jù, àwòrán á kún fún wúruwùru. Iteration lọ́nà subset, ìyẹn iye ọ̀wọ́ tá a pín àwọn igun tí kámẹ́rà ti yàwòrán sí, ni kó o máa fi wéra: 2 lọ́nà 16 àti 4 lọ́nà 8, 32 náà ni. Tí igun bá jẹ́ 64, subset 16 fi igun 4 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ò ní jẹ́ kó dín sí ìyẹn.

Ti àwòrán ọkàn yàtọ̀. Bí àwòrán àwọn tára wọn dá tẹ́ ẹ fi ń wé ti aláìsàn bá jẹ́ ti FBP, FBP ni kó o lò.

Jẹ́ kí aláìsàn tọ̀ kó tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, kó o sì wo àwòrán igun kọ̀ọ̀kan bíi fíìmù kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bó bá mira, kò sí èyí tó máa gbà ẹ́ nínú méjèèjì. Tún un yà. Wákàtí 6 ni technetium-99m fi ń dín sí ìdajì, o lè ṣe é lọ́jọ́ náà láìgún un lábẹ́rẹ́ mìíì.