Ẹ Bi Bàbá Tíṣà: Òjòlá Àfín Bí Ọmọ, Kò Sí Ẹyọ Kan Tó Jọ Ọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Texas ń sin òjòlá kékeré tí wọ́n ń pè ní ball python. Ó fi owó gidi ra akọ kan tó jẹ́ àfín, ó sì kó o pọ̀ mọ́ abo aláwọ̀ lásán. Ẹyin 6 ni abo náà yé, gbogbo wọn ló pa, àmọ́ kò sí ìkankan tó jọ bàbá. Ó ní wọ́n lu òun ní jìbìtì, òun á lu àwọn ọmọ náà ní gbàǹjo. Màmá wa ní ẹni tó fi owó ra ejò, kí ló tún ń bínú sí? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n rẹ́ ẹ jẹ?
*Ọmọ Yàgbà, Ẹ̀gbẹ̀*

Ìdáhùn: Òkun o, ọmọ mi. Bá mi kí màmá yín. N kò ní dá sí ọ̀rọ̀ àárín àwọn àti ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n tètè pe ẹ̀gbọ́n rẹ kó má ta ọmọ ejò yẹn o. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ.

Ṣebí ẹ mọ ọ̀rọ̀ jẹnotáìpù tí ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè kí wọ́n tó so yín pọ̀? Bó ṣe rí náà nìyẹn. Kí òjòlá tó di àfín, ó gbọ́dọ̀ gba jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá, kó tún gba òmíràn lọ́dọ̀ ìyá. Akọ ẹ̀gbọ́n rẹ ní méjèèjì, ká kàn pè é ní SS. Abo rẹ̀ kò ní ìkankan. AS wá ni ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọ̀ ìyá ló hàn lára wọn, ti bàbá wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Bó bá rí abo àfín rà, kó fi akọ kan nínú àwọn ọmọ yìí gùn ún: ìdajì ọmọ ni kó máa retí pé á jẹ́ àfín. Tó bá jẹ́ AS pẹ̀lú AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Kó má sì retí pé ẹyin 4 gbọ́dọ̀ mú àfín 1 wá. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ló ní kádàrá tirẹ̀. Ó lè yé 8 kó má rí ẹyọ kan. Sùúrù náà ń bẹ níbẹ̀, nítorí abo sábà máa ń tó nǹkan bí ọdún 3 kó tó tó gùn.

Ibi tí jìbìtì wà gan-an nìyí: nínú ọmọ AS àti AS tí ara wọn kò funfun, 2 nínú 3 ló gbé jíìnì náà, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kó béèrè ìyá àti bàbá ejò kó tó sanwó.

Ní 1992 ni Bob Clark, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sin ejò, kọ́kọ́ pa ọmọ òjòlá àfín irú èyí nínú ilé ní Amẹ́ríkà. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Eastern Michigan gba awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín, wọ́n sì rí i pé TYR ni jíìnì tó bàjẹ́ lára àfín. Lára irú kejì tí wọ́n ń pè ní lavender, OCA2 ni. OCA2 yìí kan náà ló wà nídìí ọ̀pọ̀ àfín ènìyàn nílẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń fojú burúkú wo obìnrin tó bí àfín fún ọkọ dúdú, ìdajì ọ̀ràn náà, ilé ọkọ ló ti wá.

Kì í ṣe gbogbo àwọ̀ ló ń fara pa mọ́ báyìí. Àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pastel, ẹyọ jíìnì kan ti tó kó hàn. Bó bá di méjì, àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ á tún tàn sí i. Àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Spider náà, ẹyọ kan ti tó. Ó rẹwà, àmọ́ orí rẹ̀ máa ń gbọ̀n, ó máa ń yí bírí. Ó lè fẹ́ ṣán eku tó wà níwájú rẹ̀ kó tàsé. Jíìnì tó fún un ní àwọ̀ náà ló fún un ní àìsàn. Èmi ò ní sìn ín láé, bó ti wù kó tà tó.

Ìbéèrè: Tíṣà, òjòlá kékeré wà lóko wa. Ṣé mo lè kó wọn ránṣẹ́ sókè òkun?
*Àgbẹ̀, Ìsánlú*

Ìdáhùn: Rárá o, àfi tí ìwé àṣẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo òjòlá ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí i láti 1974. Aláwọ̀ lásán kò tilẹ̀ lówó lórí lọ́hùn-ún, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí Tógò, Gánà àti Benin ti ń kó wọn lọ. Jẹ́ kó máa bá ọ jẹ eku oko.