Ọgbà ìṣeré etíkun tí wọ́n tì pa: ẹ ṣọ́ pákó, ẹ sì ṣọ́ ìwé

Ẹ kú akitiyan, arábìnrin wa. Mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹni tó ni ọgbà ìṣeré etíkun ní ìlú tí ẹ ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ó sì fẹ́ kọ́ ilé gbígbé síbẹ̀. Ẹ̀yin ará àdúgbò fẹ́ mọ̀ bóyá ààbò òfin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá fún roller coaster onípákó tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ eré tó ń gun òkè tó sì ń já wálẹ̀ lórí ojú irin tí wọ́n fi pákó gbé ró, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ dá owó jọ láti ra gbogbo ọgbà náà. Mo ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì wà lára àwọn tó sáré kiri nígbà tí wọ́n ti tiwa pa. Ilé gbígbé ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí, nítorí náà, bí ohùn mi bá le díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á.

Ohun àkọ́kọ́ tí onílé yóò sọ fún yín ni pé ayé ti yí padà, kò sí ẹni tó fẹ́ irú eré yìí mọ́. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Reluwé ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá wá sí etíkun nígbà ìsinmi wọn láyé àtijọ́, òun ló sì sọ àwọn ọgbà wọ̀nyí di ńlá. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ sí Sípéènì láàárín àwọn ọdún 1960 àti 1970, owó tó ń wọlé dínkù, àwọn onílé sì wá rí i pé ilẹ̀ tó kọjú sí òkun níye lórí ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Southport, ìlú etíkun kan níbẹ̀. Wọ́n ti ọgbà ìṣeré Pleasureland pa ní ọdún 2006, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi wó Cyclone, roller coaster onípákó tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1937, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan gun orí rẹ̀ láti dá iṣẹ́ náà dúró. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn tún ọgbà náà ṣí, èrò sì wọlé. Èrò kò tí ì tán nígbà náà; Cyclone nìkan ló ti lọ. Ní ìlú Blackpool, roller coaster onípákó Big Dipper tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1923 ṣì wà lórí ìdúró, nítorí náà kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń pa wọ́n.

Ní ti ààbò òfin, ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé sí Historic England, àjọ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí àwọn ilé àtijọ́, pé kí wọ́n yẹ nǹkan náà wò kí a lè kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ilé àtijọ́ tí òfin dáàbò bò. Àwọn ni yóò gba mínísítà nímọ̀ràn, mínísítà ni yóò sì pinnu. Fọ́ọ̀mù náà kò le, ẹ kàn kọ ọ́. Ọ̀nà ti là sílẹ̀ fún yín, nítorí pé Scenic Railway, roller coaster onípákó ti ọgbà ìṣeré Dreamland ní ìlú Margate, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1920, wọ inú ìwé náà ní ipele II ní ọdún 2002, wọ́n sì gbé e ga sí ipele II* ní ọdún 2011. Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé ààbò yìí yóò bo gbogbo ọgbà. Ohun tó fìdí múlẹ̀ sórí ilẹ̀ bí ilé ni òfin náà wà fún. Àwọn ẹṣin onígi tó ń yí po, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń kọlu ara wọn, àti ohunkóhun tí wọ́n lè tú bóòtù rẹ̀ kí wọ́n sì gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù, ọjà ni lójú onílé. Tiwa lọ lóru, láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ yékéyéké. Kí mínísítà tó pinnu, àkókò gígùn wà tí kò sí ààbò kankan lórí nǹkan náà, onílé tó bá sì gbọ́ pé ẹ ti kọ̀wé lè wó o ní ọjọ́ kejì. Òfin mọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fún kánsù lágbára láti gbé ìwé ààbò onígbà díẹ̀ jáde, tó ń ṣiṣẹ́ fún oṣù 6 bí ẹni pé ilé náà ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀. A lọ bá kánsù tiwa nítorí ìwé yìí gan-an. Wọ́n fi òní dónìí, wọ́n fi ọ̀la dọ́la. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ètò ìkọ́lé ní kí a kọ lẹ́tà. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, ó ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ló yẹ kó wá. Nígbà tí a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ó yẹ, onítọ̀hún wà ní ìsinmi. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ fún wa, tí lọ́yà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ là wá lójú sí nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, ni pé bí kánsù bá gbé ìwé onígbà díẹ̀ yẹn jáde, tí mínísítà kò sì kọ nǹkan náà sínú ìwé níkẹyìn, onílé lè béèrè owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ kánsù nígbà náà, kí wọ́n tó yọ òfin owó yẹn kúrò ní ọdún 2024. Ẹ̀rù owó yẹn ló ń bà wọ́n, kì í ṣe pé wọn kò lóye ọ̀rọ̀ wa. Ká ní a ti mọ̀, owó yẹn là bá kọ́kọ́ bá wọn jíròrò.

Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n háyà amòye kan. Ọkùnrin náà wá pẹ̀lú bàtà dídán, ó rìn yí ìsàlẹ̀ ká, ó ya fọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kan àkàsọ̀ títí ó fi lọ. Ó kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé pákó tuntun ti pọ̀ jù nínú roller coaster náà, pé èyí tó ṣẹ́ kù nínú igi ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò tó ohun tí a lè pè ní ohun àtijọ́. Nígbà tí mo kà á, ara mi gbọ̀n. Àwa la fi pákó tuntun wọ̀nyẹn síbẹ̀! Ní gbogbo ìgbà òtútù tí ọgbà bá wà ní títì, a máa ń gun òkè pẹ̀lú òòlù, a ó máa gbá igi kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tó bá dún kíkankíkan ṣì le, èyí tí ohùn rẹ̀ bá rọ̀ ti ń jẹrà nínú, a ó sì yọ ọ́, a ó fi òmíràn tó bá a dọ́gba rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ wọn. Ẹni tó bá ní roller coaster onípákó kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́ nítorí pé a pààrọ̀ igi rẹ̀ dà bí ẹni tó ní orí kì í ṣe ti olórí mọ́ nítorí pé irun rẹ̀ ti gé, ó sì tún ti hù.

A ní èsì fún amòye yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí wa ti lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù àwa mẹkáníìkì, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wà láti ìran dé ìran, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú fún gírísì, àmì àtàǹpàkò ènìyàn wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí a pààrọ̀ igi, ibi tó wà, irú igi tó jẹ́, àti orúkọ ẹni tó ṣe é wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti ọgbà náà pa, onílé gbé àpótí ìdalẹ̀ ńlá wá, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni tí yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, ẹ wá àwọn mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì kàn. Ọ̀pọ̀ wọn ní ẹ̀dà ìwé, fọ́tò, àwòrán ìkọ́lé àti ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ọdọọdún nílé. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ tún fetí sí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò béèrè. Roller coaster onípákó tí kò rìn ń kú lọ ni. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti inú òkun ń jẹ bóòtù, pákó ń wú nígbà òjò, ó sì ń sún kì nígbà oòrùn, nọ́ọ̀tì sì ń tú díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tí yóò fún un padà. Iná tún ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2008, lẹ́yìn tí Scenic Railway ti Margate ti wà lábẹ́ ààbò òfin fún ọdún 6, iná jó bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan, ó sì jó ilé tí wọ́n ń kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ìwé ìjọba kì í pa iná. Bí onílé bá lè jẹ́ kí ẹ fi olùṣọ́ síbẹ̀, ẹ fi síbẹ̀; bí kò bá gbà, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ bá rí ihò lára ọgbà onírin tó yí ibẹ̀ ká sílẹ̀, kí ẹ sì máa fi ránṣẹ́ sí kánsù. Bí nǹkan náà bá ti wọ inú ìwé, òfin gbà kí kánsù wọlé ṣe àtúnṣe pàjáwìrì kí wọ́n sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ onílé, ó sì gbà kí wọ́n pàṣẹ àtúnṣe pípé, kódà kí wọ́n fi òfin ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀ láti tún un ṣe. Wọn kò ní sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn.

Ìyẹn náà kì í yá. Ní Margate, ọdún 2003 ni àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ ìpolongo. Ọdún 2011 ni kánsù gbé àṣẹ ìfòfinrà jáde, onílé pè wọ́n lẹ́jọ́, ọdún 2013 ni ilẹ̀ náà sì tó bọ́ sọ́wọ́ wọn. Àjọ tó ń pín owó tẹ́tẹ́ ìjọba fún àwọn ohun àjogúnbá fi mílíọ̀nù 3 pọ́ùn sí i. Wọ́n ṣí Dreamland padà ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ṣùgbọ́n Scenic Railway kò tí ì ṣetán ní ọjọ́ náà, oṣù kẹwàá ló tó gbé èrò. Nígbà tí yóò fi di oṣù karùn-ún ọdún 2016, ilé iṣẹ́ tó ń darí rẹ̀ ti wọ gbèsè, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn alábòójútó tí òfin yàn. Ìgbà oòrùn kúrú létí òkun, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti ìnṣọ́ránsì kò sì mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀. Ẹ tún rántí pé Scenic Railway nílò ẹni tó ń dúró láàárín ọkọ̀ rẹ̀ láti máa fa bíréèkì ní gbogbo ìgbà tó bá ń já wálẹ̀. Ẹ kò lè ra irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wà láàyè láti kọ́ ẹlòmíràn.

Ní ti owó tí ẹ béèrè gan-an, ẹ má ṣe kọ́kọ́ dá a jọ. Ẹni tó ń rí i pé owó ń wọlé fún yín yóò kàn gbé iye ilẹ̀ rẹ̀ sókè ni. Ẹ wá ààbò òfin ní àkọ́kọ́, kí ẹ sì ní kí kánsù kọ ọgbà náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní tó wúlò fún àwùjọ lábẹ́ òfin ọdún 2011 tí wọ́n ń pè ní Localism Act. Bí onílé bá wá fẹ́ tà á lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ yín lè dá títà rẹ̀ dúró fún oṣù 6, ìgbà yẹn sì ni kí ẹ wá owó. Kò di dandan kó tà á fún yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ lórí ìyẹn. Ẹgbẹ́ tí kò tí ì forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin nílò ó kéré tán ènìyàn 21 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò ní agbègbè náà. Kí ẹ fi orúkọ bíi 30 sí i, nítorí kánsù dá tiwa padà lórí obìnrin kan ṣoṣo tó ti kó lọ sí ìlú mìíràn láìsọ fún wa.