Ẹ Má Fipá Tẹ Ẹsẹ̀ Yẹn Mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ gbá ọmọkùnrin mi lórí ọ̀kadà lọ́nà Òṣú. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, iṣan mẹ́ta já níbẹ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ti lé lóṣù méjì báyìí, ẹsẹ̀ kò ká, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú, ó ń gbóná. Bàbá kan ń wá fi òrí wọ́ ọ láràárọ̀, wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ náà títí ọmọ á fi figbe ta. X-ray ní egungun mìíràn ń hù níbi tí kò yẹ. Ṣé jẹjẹrẹ ni? Àbí irin tí wọ́n fi sí i ló fà á? — Ìyá Ìbejì, Ìsọ̀kùn, Iléṣà.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ bá mi bẹ bàbá yẹn kí wọ́n sinmi nílé. Ọwọ́ wọn lè dára fún ẹ̀yìn dídùn, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ irú orúnkún yìí kọ́ là ń fipá ká. Títẹ̀ yẹn lè dá ọgbẹ́ tuntun sínú ẹran, kí egungun náà sì tún pọ̀ sí i.

Ohun tí ẹ júwe yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, irin kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. HO (heterotopic ossification, ìyẹn egungun tó hù níbi tí kò yẹ) ni àwọn dókítà máa ń kọ sínú fáìlì. Bí orúnkún bá fara pa púpọ̀, ohun tí ara rán wá láti tún ibẹ̀ ṣe lè ṣìnà, kó máa mọ egungun sínú ẹran àti iṣan, bíi bíríkìlà tó mọ ògiri dí ẹnu ọ̀nà onílé. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí iṣan kan ṣoṣo já. Orúnkún tó yẹ̀, tí iṣan púpọ̀ já nínú rẹ̀ bíi ti ọmọ yín, ló wọ́pọ̀ sí jù.

Èyí kò ní kí ẹsẹ̀ máa jókòó lásán o. Kí ó dùbúlẹ̀, kó fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù sábẹ́ gìgísẹ̀ kó lè máa yọ̀, kó rọra wọ́ gìgísẹ̀ náà bọ̀ wá síhà ìdí fúnra rẹ̀. Níbi tó bá ti ń fà, kó dúró díẹ̀; bó bá di ìrora gidi, kó dá a padà. Ẹ̀ẹ̀melòó kan lójúmọ́ dára ju ẹ̀ẹ̀kan tó ń mú un ké lọ. Ẹni tó ń ṣe fisiotẹ́rápì á fi bó ṣe máa pọ̀ sí i hàn án.

Àwọn kan á sọ fún yín pé oògùn kan tó ń jẹ́ indomethacin ń dá a dúró. Òótọ́ ni pé àwọn dókítà ń lò ó kété lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí egungun yìí má bàa hù, àmọ́ kì í yọ́ èyí tó ti hù. Ó sì lè dá egbò sínú ikùn, nítorí náà ẹ má lọ rà á ní kẹ́mísìtì fúnra yín.

Gígé egungun tó hù yẹn kúrò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kì í nílò rẹ̀. Tó bá tilẹ̀ máa dé bẹ́ẹ̀, dókítà sábà máa ń dúró tó oṣù 6 sí ọdún 1, kí egungun náà kọ́kọ́ gbó.

Ooru àti wíwú yẹn ni mi ò fẹ́ kí ẹ fojú fò. Bí ibà bá dé, bí ojú abẹ bá ń ṣọyún, bí ẹsẹ̀ bá wú látòkè délẹ̀ tàbí kí ọmọ náà máa mí gúlegúle, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild, tòun ti gbogbo X-ray tó ti yà. Tuntun nìkan kò tó, wọ́n máa fi í wé ti àtijọ́ ni.