Ẹsẹ̀ màmá tó ń dúdú: fi kẹ́mísì sílẹ̀ ná

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá, pé etí awọ tí wọ́n yí bo ojúgun wọn ti ń dúdú, o sì fẹ́ mọ oògùn tí o lè rà kó má bàa kú. Ẹnì kan ní kí o ra aspirin. Òmíràn ní kí o fi nitroglycerin, ìpara tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, pa á lára, kí o fi sildenafil kún un (oògùn agbára ọkùnrin, àwọn ọkùnrin mọ ìyẹn dáadáa). Jọ̀wọ́, má tíì jáde nílé.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba, l'Óṣogbo níbí. Ọ̀kadà kan ló gbá mi ní oríta Ọláìyá, egungun ojúgun mi sì yọ síta. Awọ tí wọ́n kàn bu láti itan kì í mú lórí egungun tó bó, torí kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ibi tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ti ń mu. Flap ni wọ́n ṣe fún mi. Wọ́n gé awọ àti ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀, wọ́n fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ má já, wọ́n wá yí i bo egungun. Ibi tó jìnnà jù sí ìdí yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń dé kẹ́yìn, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ kú.

Ẹni tó bá ń rẹ aró mọ̀ pé aṣọ kì í dúdú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní bó bá jáde nínú ìkòkò, afẹ́fẹ́ ni í mú un ṣú. Báyìí ni etí awọ mi ṣe ń ṣú lójú mi. Ẹ̀rù bà mí, mo rán ọkọ mi sí kẹ́mísì, ó ra aspirin wá. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mò ń fi í pamọ́ sí: méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, n kò sọ fún nọ́ọ̀sì. N kò mọ̀ pé heparin ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún mi níkùn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí mi lẹ́sẹ̀. Tibí ò jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, tọ̀hún náà ò jẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, awọ náà wú, ó le bí awọ ìlù. Dókítà já òwú mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ dídì yọ jáde bí ẹ̀dọ̀ màlúù lórí àtẹ alápatà. Abẹ́ awọ ló ti ta jọ, tó ń fún iṣan pa. Wọ́n dá mi padà sí tíátà. Ìwọ̀n ìka méjì ló kú níkàngun, itan mi ni wọ́n ti bu awọ dí i nígbẹ̀yìn. Ẹ̀bi mi ni.

Dókítà yẹn ló là mí lóye. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni pé: ṣé ẹ̀jẹ̀ ò rọ́nà wọlé ni, àbí kò rọ́nà jáde? Bí awọ bá funfun, tó tutù, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó pẹ́ kí àwọ̀ tó padà, kò wọlé. Bó bá wú, tó dà bí àlùkò, tí àwọ̀ sì sáré padà kí o tó ka ení, kò jáde. Báńdéèjì tó fún jù, òwú tó fà jù, ẹsẹ̀ tí a gbé kọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ta sábẹ́, gbogbo wọn ló lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà: oògùn wo ló ń tú báńdéèjì?

N kò ní oògùn ò wúlò o. Ní Kánádà, wọ́n dán ìpara nitroglycerin wò lára obìnrin 165 tí wọ́n gé ọmú fún, tí wọ́n sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Èsì jáde ní 2015: nínú 100 àwọn tó gba ìpara lásán, awọ kú lára nǹkan bí 34, lọ́dọ̀ àwọn tó gba nitroglycerin, nǹkan bí 15 ni. Ṣùgbọ́n awọ ọmú nìyẹn, ojúgun kọ́. Ìpara yẹn ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Bí o bá sì pa á pọ̀ mọ́ sildenafil, ó lè já a débi tí màmá á dákú, ó tilẹ̀ lè pa wọ́n. Ẹni tó kọ méjèèjì papọ̀ fún ọ kò ro ibẹ̀ yẹn. Ní ti pentoxifylline, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ rọ̀ kó lè gba iṣan tóóró kọjá, ẹ̀yìn eku ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìdánwò rẹ̀, awọ eku sì dẹ̀ ju tiwa lọ.

Ẹnì kan fi ṣẹ̀fẹ̀ pé kí o fi eṣúṣú fa ẹ̀jẹ̀ náà, òótọ́ ni. Láti 2004 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún awọ tí ẹ̀jẹ̀ ò rọ́nà jáde níbẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n sìn fún ìwòsàn ni, àwọn dókítà sì ń fi oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn tì í, torí kòkòrò àrùn ń gbé inú rẹ̀. Ẹ má lọ kó ti odò Ọ̀ṣun o.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń mu sìgá nítòsí màmá, lé e jáde. Ó ń fún iṣan pọ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí, lọ bá nọ́ọ̀sì, sọ pé àwọ̀ ti yí padà, kí dókítà wá wò ó kílẹ̀ tó ṣú. Gbogbo oògùn tí màmá ti lò, títí kan àgbo, sọ ọ́. Tí wọ́n bá ti tú báńdéèjì, kọ àwọ̀ tí o rí síbí.