Ṣé ká gbé VR wá sí pátì bàbá wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa máa pé ọdún 70 láìpẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde la ti fẹ́ ṣe é, ìta gbangba lábẹ́ kánópì. Àbúrò mi ní ká yá awò VR méjì, ìyẹn awò ńlá tí wọ́n ń gbé sójú tí fídíò á fi yí èèyàn ká, ká gbé fídíò Ojúde Ọba tí òun ti ṣètò sínú ẹ̀, kí àlejò máa wò ó bíi pé wọ́n wà láàárín àwọn ẹlẹ́ṣin. Àlejò 300 la pè. Ṣé owó ò ní ṣòfò báyìí? Àkọ́bí, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, bàbá á pẹ́ fún yín. Mo fẹ́ràn èrò àbúrò yín gan-an, torí ọ̀pọ̀ àlejò yín ni ò ráyè wá sílé lọ́jọ́ kẹta Iléyá rí, wọ́n kàn ń gbọ́ ìròyìn régberégbé àti ẹṣin ni. Irú nǹkan téèyàn ò lè rí níbi pátì yẹn ló yẹ kéèyàn fi VR hàn, kì í ṣe géèmù.

Àmọ́ kò lè kárí o. Tẹ́nì kan bá lo ìṣẹ́jú 4, tẹ́ ẹ fi 2 kún un fún nínu awò àti gbígbé e wọ ẹlòmíì, èèyàn 10 ni awò kan lè gbà ní wákàtí kan, awò méjì fún wákàtí 5 jẹ́ èèyàn 100 péré, bátìrì Quest 3, ìyẹn irú awò VR kan, náà ò sì ju nǹkan bíi wákàtí 2 lọ, ẹ ní pawabánkì nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá àtàwọn ẹgbẹ́ wọn kọ́kọ́ wò ó, kẹ́ ẹ gbé ohun tí wọ́n ń rí sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá káwọn tó kù náà lè máa wò.

Gèlè ni wàhálà tó pọ̀ jù, àwọn tó ń yáni kì í sì sọ ọ́. Okùn awò yẹn máa ń gba àtàrí kọjá ni, ìyá wo ló máa tú gèlè tó fi wákàtí kan wé? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fọwọ́ méjèèjì gbé e sójú láì so okùn, kẹ́ ẹ sì bèèrè èyí tó ní rọ́bà lójú dípò fóòmù, torí àtíkè ò ṣeé nù kúrò lára fóòmù.

Ẹ má gbé e sí ìta rárá jàre, inú yàrá ni! Oòrùn tó bá gba inú lẹ́ǹsì ẹ̀ wọlé á jó skrín inú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń fi lẹ́ǹsì jó pépà, kò sì ṣeé tún ṣe, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Ẹ bi àbúrò yín bóyá orí ìdúró ni kámẹ́rà wà nígbà tí wọ́n ń ya fídíò yẹn. Tó bá jẹ́ pé orí ẹṣin ni, ẹ má lò ó, torí ojú á máa sọ pé à ń sáré, inú etí tó ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ara ń mì á ní a jókòó, òòyì á kọ́ èèyàn, àwọn míì á bì. Ẹni tó ní wárápá kó bi dókítà kó tó wò ó, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 10 kó má wò ó rárá, Meta tó ṣe Quest ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n sì ti gbé fídíò yẹn sínú awò náà gan-an láti ilé o, ẹ má gbọ́kàn lé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọjọ́ pátì.